Níbo Ni Ọ̀tún Rẹ̀ Wà?

Ètè ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe. Ọ̀gá mi mú fíìmù kan tó ti gbẹ, ó na igun rẹ̀ sí mi, ó ní kí n fi ètè tútù kàn án. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìhà kan yọ̀ lórí ètè mi bí ẹni fi ètè kan gíláàsì. Ìhà kejì lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀.

Ó ní, "Ìhà tó lẹ̀ yẹn ni àwòrán wà. Òun ni kí o máa kọjú rẹ̀ sí bébà. Bí o bá ṣì í ṣe, ọ̀tún á di òsì, wọ́n á sì wá bá mi níbí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá bá mi ní Niangon, ní Abidjan níbí, tí ẹ ń bèèrè bóyá iṣẹ́ fọ́tò ṣì tó kọ́ láyé tí gbogbo fóònù ń ya àwòrán, ìdáhùn mi nìyí. Mo ti fẹ̀yìntì, kò sí ohun tí mo fẹ́ tà fún yín. Bí mo ṣe ṣe é ni n ó sọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣojú ẹlòmíràn jù mí lọ, n ó jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ti ṣiṣẹ́ ló kọ́ mi ní ìyẹn.

Treichville, nínú Abidjan kan náà, ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, aṣọ ló ń tà nínú ọjà ńlá ibẹ̀. Ó fẹ́ kí n jókòó ti aṣọ, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti ń ná ọjà, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, mo sì máa ń gbà fún un. Ìyá mi ló mú mi lọ bá Mèsíè Òjó, tí ilé fọ́tò rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà náà. Ọmọ Kétu ni Mèsíè Òjó, Onígbàgbọ́ ni, bàbá rẹ̀ ti ṣe akọ̀wé fún àwọn Faransé. Ó tinrín, kì í pariwo, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ní ìdọ̀tí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ìyá mi: ṣé ọmọbìnrin yìí lè jókòó? Ìyá mi ní bó bá jẹ́ ti ìjókòó ni, wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n ń wá.

Iṣẹ́ àtúnṣe ló fẹ́ kọ́ mi. Nígbà náà, fíìmù a máa tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. A ó gbé e lé gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, a ó sì fi pẹ́ńsù tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ kun ojú ẹni náà díẹ̀díẹ̀. Òdì ni gbogbo nǹkan wà lórí fíìmù. Ohun tó bá dúdú níbẹ̀ á funfun lórí bébà. Nítorí náà, bí a bá fi pẹ́ńsù kun ojú irorẹ́, irorẹ́ náà á pòórá bí a bá tẹ fọ́tò. Ó pẹ́ kí n tó kun ohunkóhun o. Pẹ́ńsù ni mo ń gbẹ́ ṣáá. Mèsíè Òjó á gbà á, á wò ó lójú ìmọ́lẹ̀, á dá a padà fún mi kí n tún un gbẹ́.

Bàsírù, tí a jọ kọ́ṣẹ́, ń ta férémù ní Marcory báyìí. Mo lọ bá a kí n tó kọ ìwé yìí, mo ní kó sọ ohun tó rántí nípa ọ̀gá wa. Ó gbé férémù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Kì í nà wá. Ì bá tiẹ̀ sàn kó nà wá. Á bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á nù ún, á tún wọ̀ ọ́, á wá bi ọ́ pé, 'Níbo ni ọ̀tún rẹ̀ wà?' Títí dòní, bí mo bá ń wọ bàtà, mò ń gbọ́ ohùn bàbá yẹn."

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa. Fíìmù yòówù kó gbé lé ọ lọ́wọ́, o gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún ẹni inú rẹ̀ hàn án kí o tó fi pẹ́ńsù kàn án. Kò sì gba àbá. Ó ní a gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí, inú fọ́tò náà la sì gbọ́dọ̀ ti rí i: bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì, aago ọrùn ọwọ́, àkọlé tó wà lára ògiri. Ẹlẹ́rìí tó wà níta lè gbàgbé, ó sì lè purọ́. Bàsírù bi í lọ́jọ́ kan ìdí tó fi le tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kékeré.

"Faransé tó bá rí ara rẹ̀ lódì á rẹ́rìn-ín," ni Mèsíè Òjó wí. "Ṣùgbọ́n àwa la ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó bá rí i nínú fọ́tò pé òun fi òsì na obì sí àna òun, ṣé ìwọ lo máa bá a bẹ àna rẹ̀?"

Òfin kejì, ara Bàsírù ló ti jáde. Ìyá kan wá ya fọ́tò, ó kọlà. Bàsírù rò pé òun ń ṣe é lóore, ó fi pẹ́ńsù kun ilà náà títí ojú ìyá fi dán bí ojú ọmọ tuntun. Mèsíè Òjó wo fọ́tò náà pẹ́, ó fà á ya sí méjì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fi í sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì Bàsírù. Ó ní kó gbé e lọ fi han àwọn ọmọ ìyá náà, kó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni yìí rí. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí àwa méjèèjì, ó ní, "Ẹrẹ̀ ni kí ẹ máa nù. Ẹ má nu bàbá wọn."

Mo gba ìyọ̀ǹda, mo bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ títí ó fi re ibi àgbà ń rè. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan gbà mí. Nípa owó oṣù, ó tó jẹ, kò tó fi gbéraga, ó sì rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé. Ohun tó yẹ kí n sọ fún yín ni ọjọ́ tí wọ́n gbé kọ̀m̀pútà wọlé. Bàsírù wà níbẹ̀ nígbà náà, òun ló ń gé fọ́tò fún wọn. Ó wò ó, ó ní férémù lòun máa máa tà, nítorí pé férémù ò ní yí padà. Èmi jókòó tì í. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi eku rẹ̀ rìn lójú àwòrán, wọ́n sì fi bọ́tìnì tí a fi ń padà sẹ́yìn hàn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá a láyé kò lè mọ ohun tí bọ́tìnì yẹn jẹ́ fún ẹni tó lo pẹ́ńsù. Bí abẹ tí a fi ń ha fíìmù bá yọ̀, ẹyin ti balẹ̀ nìyẹn. Lórí kọ̀m̀pútà, mo ṣèṣì nu imú ọkùnrin kan kúrò, mo tẹ bọ́tìnì, imú padà. Mo nù ún, mo dá a padà, mo tún nù ún. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé orí mi ti dàrú. Mèsíè Òjó ni mò ń rántí. Ì bá fẹ́ràn rẹ̀, ì bá sì bi í níbi tí ọ̀tún rẹ̀ wà.

Nígbà tí iṣẹ́ ìwé ìròyìn tán, mo ra kọ̀m̀pútà àlòkù kan ní Adjamé, mo gbé e sí pálọ̀ mi, mo fi aṣọ bò ó nítorí eruku. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù. Àwọn ènìyàn ń gbé fọ́tò òbí wọn wá, èyí tí òjò ti jẹ, èyí tí ikán ti jẹ, èyí tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. N ó ní kí ẹni tó mọ òkú náà jókòó tì mí, kó máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń tún un ṣe. Ìyá kan sọ fún mi pé bàbá òun kì í pa ẹnu dé bó bá ń ya fọ́tò. Bí mo ṣe ya ètè náà díẹ̀, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí kọ̀m̀pútà.

Rúkáyátù ọmọ mi ló wá ń bá mi ṣe é. Rúkà la ń pè é. Mo sọ ọ́ láìyangàn: ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ohun tí mo fi òwúrọ̀ kan ṣe, kó tó di pé omi hó, ó ti ṣe é tán, ó sì dára. Ó ń gbọ́ Yorùbá yékéyéké, àmọ́ Faransé ló sábà fi ń dáni lóhùn, pẹ̀lú Nouchi, ẹnà àwọn ọmọ Yopougon. Bí mo bá kìlọ̀ nǹkan fún un, á ní, "Màmá, y a pas drap," ìyẹn ni pé kò sí wàhálà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, a ń jẹ, a ń rẹ́rìn-ín, títí ọ̀rọ̀ Sàlámátù fi dé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Sàlámátù. Alájì Làmídì tó ń tajà ní Adjamé, àbúrò bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Marcory, Lùkúmọ́ọ̀nù, ló fẹ́ ẹ. Ara bàbá ìyàwó, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, kò le, kò lè rìnrìn àjò. Alájì ló dúró fún un lọ́jọ́ yìgì. Àdéhùn wọn ni pé wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Bàbá nínú férémù ńlá. Bó bá ti rí i tó sì ṣàdúà, ìyàwó á wọlé ọkọ.

Férémù náà gba fọ́tò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyàwó nìkan wà nínú ọ̀kan. Nínú èkejì, ọkọ ń gbé Kùránì tí wọ́n fi aṣọ funfun wé lé Alájì lọ́wọ́. Alájì ní ìbàmú kan, ilà tó ti orí imú rìn wálẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Rúkà fẹ́ mú un fúyẹ́, ó ní ó ń pín ojú Alájì sí méjì. Mo ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, mo sì sọ ìtàn Bàsírù fún un. Ó fi í sílẹ̀. Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Marcory. Kí n tó dé, Rúkà ti parí iṣẹ́, oníṣòwò kan sì ti gbé férémù náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan báyìí, Alájì àti Sàlámátù wọlé wá. Alájì kò gba omi. Ó ní, "Ìyá Rúkà, ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ òun ò lọ sílé ọkọ mọ́."

Mo bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní Bàbá tú férémù, ó wo fọ́tò, ó rí ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ òsì gbé Kùránì fún àna rẹ̀. Bàbá ní, "Ẹni tó fi òsì gbé Kùránì fún baba ìyàwó, ọwọ́ wo ló fẹ́ fi tọ́jú ìyàwó?" Alájì búra fún un pé ọ̀tún ni. Bàbá ní àbúrò òun ti pẹ́ jù ní Abidjan, kò mọ èyí tó jẹ́ àbùkù mọ́.

Ọkọ wá tún bà á jẹ́. Láti kékeré, "gauche" ló mọ òsì sí, "droite" ló mọ ọ̀tún sí. Sàlámátù ló sọ èyí fún mi, kò mọ̀ bóyá kóun sunkún ni àbí kóun rẹ́rìn-ín: "Ó fẹ́ fi Yorùbá bẹ̀ wọ́n lórí fóònù. Ó ní, 'Bàbá, ẹ gbà mí gbọ́, òsì ni mo fi fún wọn, òsì gan-an.' Mò ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kò dákẹ́. 'Droite' ló ní lọ́kàn."

Mo pe Rúkà. Ó ṣí kọ̀m̀pútà, mo sì rí i lójú kan náà: fọ́tò ti yí. Bọ́tìnì kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn tí wọ́n kọ "miroir" sí, ìyẹn dígí. Ó ti tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Màmá, wọ́n kẹ̀yìn sí ìyàwó nínú férémù. Mo kàn jẹ́ kí wọ́n kọjú sí i ni." Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ fọ́tò á yìn ín fún un. Mo ní, "Drap tí kò sí yẹn, òun ló jókòó sórí àga yìí." Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Rúkà fi fọ́tò tó tọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ kan nílé Bàbá, pé ẹ̀rọ ló yí ti àkọ́kọ́. Èsì Bàbá ni pé ẹ̀rọ tó lè sọ ọ̀tún di òsì lè sọ òsì di ọ̀tún, èwo ni kóun gbà? Mo kan sáárá sí i nínú mi. Òótọ́ ló sọ. Ká ní fíìmù ni, n bá fi ránṣẹ́ sí i kó fi ètè kàn án. Kò sí ohun tí ètè lè kàn nínú kọ̀m̀pútà.

Ẹlẹ́rìí wá kù. Mo jókòó síwájú fọ́tò náà, mo ń wá a bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Agbádá kò ní bọ́tìnì. Kò sẹ́ni tó wọ aago. Kùránì wà nínú aṣọ, àkọlé rẹ̀ kò hàn. Ògiri funfun ló wà lẹ́yìn wọn. Alájì ń wò mí, mo gbójú sókè wò ó, mo sì rí ìbàmú rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n pe Bàbá. Wọ́n pè é, a jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba. Mo kúnlẹ̀ níwájú fóònù bí ẹni pé ó ń rí mi, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo ní kí Bàbá jọ̀ọ́ wo ìbàmú àbúrò rẹ̀ nínú fọ́tò, ìhà òdì ló wà.

"Mo rí i," ni Bàbá wí. "Kò yí. Mo wo ojú ara mi nínú dígí láàárọ̀ yìí. Ìhà ibẹ̀ gan-an ni tèmi náà wà."

Alájì gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí. Sàlámátù dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo ohun tí Bàbá sọ: dígí.

"Bàbá, ṣé dígí yẹn wà nítòsí yín?"

"Ó wà lára ògiri."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé fọ́tò náà dání. Ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ gbé ojú Alájì sí ẹ̀gbẹ́ ojú tiyín, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kọjú sí i."

A gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀. A gbọ́ ikọ́. Gíláàsì férémù kan nǹkan. Rúkà gbé fóònù wò bóyá ìpè ti já.

"Làmídì."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ló kọ wá nílà?"

"Olóòlà kan náà ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ ní kí n má sunkún."

"O sunkún."

"Mo sunkún, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ló kọ?"

"Òsì ni, àwa méjèèjì."

"Nínú dígí yìí, ìhà ibí ni tèmi wà, ìhà ọ̀hún ni tìrẹ wà." Ó mí kanlẹ̀. "Abẹ kan náà, ọjọ́ kan náà. Ojú rẹ ò lè yí. Fọ́tò ló yí."

Bàbá tún ní, "Ọwọ́ ni mò ń wò látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Mi ò wo ojú àbúrò mi rárá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa lọ sílé ọkọ rẹ̀. Kí ọkọ náà lọ kọ́ ọ̀tún àti òsì."

Sàlámátù ti jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn bojú. Alájì wá béèrè omi tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ bi mí bóyá kọ̀m̀pútà ti pa iṣẹ́ yìí. Kò pa á. Rúkà ló ni kọ̀m̀pútà náà báyìí, mo ti fi àga sílẹ̀ fún un. Mo máa ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀ nígbà mìíràn, kí n kàn máa wo ọwọ́ rẹ̀. Kó tó tẹ fọ́tò kankan, á na ìka sójú ẹ̀rọ, á bi ara rẹ̀ ní Yorùbá, òun tí kì í fẹ́ sọ ọ́: "Níbo ni ọ̀tún rẹ̀ wà?" Kò rí Mèsíè Òjó rí láyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohùn bàbá yẹn ni mò ń gbọ́.

A tẹ fọ́tò náà lọ́tun, oníṣòwò ọjọ́sí ló tún gbé e lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gba ti àkọ́kọ́ padà bọ̀, kí n lè fà á ya sí méjì bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọwọ́ lásán ló dé. Ó ní Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

"Ó ní tuntun wà ní pálọ̀ fún àwọn àlejò. Ó fi ti àkọ́kọ́ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Ó ní bóun bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, ìhà kan náà ni ìbàmú òun nínú dígí àti ti àbúrò òun nínú fọ́tò máa ń wà. Ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ jí nínú ilé kan gbẹ̀yìn."